Ẹ Ya Apèsè Sọ́tọ̀ fún Oníbàárà, Kí Ẹ sì Fún Wa ní Méjèèjì

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ará Gabon ti dìbò tán, ìjọba Ali Bongo Ondimba kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé a ti gé íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àti pé kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò padà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ 30, nígbà tí àwọn ológun ti gbàjọba. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kéde èsì ìdìbò ààrẹ ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 2016, wọ́n gé e fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, alaalẹ́ ni wọ́n tún ń gé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn onímọ̀ òṣèlú ti sọ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ni kò tí ì hàn sí ọ̀pọ̀ nínú wa: ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, gbogbo ìwé atúmọ̀-èdè àti gbogbo ètò ìkọ́ni tí apèsè rẹ̀ wà lókè òkun ló kú fin-ín-fin-ín ní Libreville. Èyí tí apèsè rẹ̀ wà nínú ilé kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta sọ́fítíwíà èdè fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-ìkàwé wa, tàbí tó fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ, kí ó di apèsè sínú ìdì tirẹ̀, kí ó di oníbàárà sínú ìdì tirẹ̀, kí ó sì kó ìdì méjèèjì lé wa lọ́wọ́. Kí ó má ṣe lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Kí ó má sì ṣe fún wa ní ọ̀kan kí ó gbé ìkejì pamọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni èyí. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn tó ni èdè ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sí àyè wọn. Apèsè ni ètò tó kó ọ̀rọ̀ jọ sínú àká, tó ń retí ìbéèrè, tó sì ń dáhùn nígbà tí ìbéèrè bá dé. Oníbàárà ni ètò tó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́, tó ń gba ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀, tó ń gbé e tọ apèsè lọ, tó sì ń fi èsì hàn án. Ìdì ni àpò tí a di ètò sí kí a lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ni apèsè àti oníbàárà ń tọ́ka sí, wọn kì í ṣe irú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ti jẹun rí lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ ní ọjà Mont-Bouët ti mọ ìyàtọ̀ náà. Ààrò, ìkòkò àti orógùn wà lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Àwo nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun. A kì í di ààrò lé oníbàárà lórí kí ó tó lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè pe ìlú ní ìlú tó rí oúnjẹ jẹ bí ó bá jẹ́ pé àwo ló kún inú rẹ̀, tí gbogbo ààrò sì wà ní ìlú ẹlòmíràn.

Àwọn tí a kọ́kọ́ ń bá wí ni àwọn tó ń lẹ méjèèjì pọ̀ sínú ìdì kan. Àwíjàre wọn ni pé olùkọ́ kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà: kí ó ṣáà tẹ bọ́tìnnì kan, kí gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé olùkọ́ di alápèsè láìmọ̀, ẹnu ọ̀nà kan sì ṣí sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa ṣọ́. Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kìíní ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Slammer jà káàkiri ayé. Nǹkan bí i 75,000 kọ̀ǹpútà ló kọlù, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó sì ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. SQL Server ti Microsoft ni ó ń wọ̀, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MSDE. MSDE yìí ló yẹ kí a ronú lé lórí. Àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà máa ń dì í mọ́ inú ọjà tiwọn, débi pé ẹni tó ra ọjà náà kò ní mọ̀ pé apèsè wà nínú rẹ̀. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti Oṣù Keje ọdún 2002, nǹkan bí i oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe àtúnṣe sí ohun tí kò mọ̀ pé òun ní?

Àwa onímọ̀ èdè gan-an ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí. FieldWorks, tí àjọ SIL ṣe fún àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi ṣe ìwé atúmọ̀-èdè, máa ń gbé SQL Server wọ inú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá lò ó, títí dé ẹ̀dà 6. Ẹni kan ṣoṣo, ní abúlé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tí kò fẹ́ ju kí ó kọ 300 ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀ lọ, ní láti kọ́kọ́ tan irú ẹ̀rọ tí ilé-ìfowópamọ́ ń lò. Nígbà tó di ẹ̀dà 7, SIL yọ ọ́ kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ pamọ́ sínú fáìlì XML. A kò gbọ́ pé onímọ̀ èdè kankan sunkún SQL Server.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ní ìgbà kan, ìdì kan ṣoṣo ni ssh, ètò tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n a máa bi ẹni tó ń gbé e wọlé léèrè bóyá ó fẹ́ kí apèsè máa ṣiṣẹ́, bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló lè dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín in sí ìdì méjì, openssh-client àti openssh-server. PostgreSQL náà ní postgresql-client tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ àwo gba àwo. Ẹni tó fẹ́ ààrò gba ààrò.

Àwọn kejì tí a ń bá wí burú ju àwọn àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe fara jọ ohun tí a ń béèrè fún. Wọ́n ya apèsè sọ́tọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sá lọ. Ìdì oníbàárà nìkan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń lẹ́wà. Láti ọdún 2013 ni Yorùbá ti wà lára àwọn èdè tí Google Translate ń túmọ̀, a kò sì sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-ìkàwé kan, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Libreville, tó lè tọrọ apèsè rẹ̀ kí wọ́n gbé e fún un. Bí ìtumọ̀ bá yí padà lóru, a ó jí bá a bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn lọ́la, ìdì oníbàárà tó wà lọ́wọ́ wa di àwo òfìfo.

Gabon kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún òun. Ní ọdún 2013, iṣẹ́ títọ́jú àwọn orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì tó parí sí .ga bọ́ sọ́wọ́ My GA pẹ̀lú Freenom, ilé-iṣẹ́ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Amsterdam. Wọ́n ń pín orúkọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníjìbìtì sì rọ́ wọ inú rẹ̀, débi pé orúkọ orílẹ̀-èdè kan di ohun tí àwọn ènìyàn ń sá fún. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ANINF, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gabon tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gba .ga padà, tí Afnic ti ilẹ̀ Faransé sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n pa rẹ́ lé ní 7,000,000. Àká orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́wàá, iye ìdọ̀tí tí wọ́n bá nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí orúkọ bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ àti òwe?

Kì í sì í ṣe ìjọba nìkan ló ń gé okùn. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Láti Àbíjàn dé Èkó, àwọn ènìyàn jókòó tí kọ̀ǹpútà wọn. Kò sí olóṣèlú kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo inú ìdì náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè Yorùbá lójú ara. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1997, Rickard Faith àti Bret Martin gbé ìlànà kan jáde fún ìwé atúmọ̀-èdè orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n pè é ní DICT. RFC 2229 ni nọ́ńbà rẹ̀. Nínú Debian, oníbàárà rẹ̀ ni ìdì tó ń jẹ́ dict, apèsè rẹ̀ ni ìdì tó ń jẹ́ dictd, ìwé atúmọ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì tún wà nínú ìdì tirẹ̀. (Lẹ́tà d tó gbẹ̀yìn yẹn dúró fún daemon, orúkọ tí wọ́n fún ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìfojú hàn. Olùkọ́ tó bá pè é ní ànjọ̀nú kò jìnnà sí i púpọ̀.) Iṣẹ́ oníbàárà kò ju kí ó sọ pé DEFINE tàbí MATCH, kí ó sì dárúkọ ọ̀rọ̀. Apèsè ni ó ń pinnu ohun tí a ń pè ní ìbáramu: ọ̀rọ̀ wo ni ó jọ ọ̀rọ̀ wo.

Ìpinnu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìbáramu tí dictd mọ̀ ni Soundex, tí Robert Russell gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1918 fún títo orúkọ àwọn ènìyàn. Soundex á mú lẹ́tà àkọ́kọ́, á kó gbogbo fáwẹ́lì yòókù dànù, á sì sọ k, g, j àti s di nọ́ńbà kan náà. Ẹ gbé Yorùbá sínú rẹ̀. Nígbà tí a bá ti yọ àmì kúrò, ọkọ, ọjà, ọ̀gá àti ọ̀sẹ̀ ni yóò gba àdàpè kan náà, O200. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ọ̀gá rẹ̀ yóò bá a lọ́jà. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn Russell. Kò ṣe é fún wa. Ẹni tó ni ẹ̀bi ni ẹni tó bá gbé apèsè bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ Yorùbá, tó sì dì í lọ́nà tí olùkọ́ náà kò fi lè fọwọ́ kàn án.

Ohùn àti àmì tún ní wàhálà tiwọn. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. A ní láti kó o jọ. Kíbọọ̀dù kan lè fi àmì ohùn òkè lé ẹ lórí. Òmíràn lè mú é ti àwọn Faransé, kí ó wá fi ẹ̀ẹ́kán sí i nísàlẹ̀. Òmíràn á mú e lásán, á fi ẹ̀ẹ́kán sí i, á fi àmì sí i. Lójú ènìyàn, lẹ́tà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú apèsè tí a kò kọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ni. Ní Libreville, níbi tó ti jẹ́ pé kíbọọ̀dù Faransé ló wọ́pọ̀, ọ̀nà kejì yẹn kì í ṣe ohun àjèjì. Ó sì tún ku kan. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, àwọn kan ti Nàìjíríà wá, àwọn mìíràn ti Kétu, Pọ́bẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìlànà àkọtọ́ ti orílẹ̀-èdè Benin á kọ ɔkɔ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ti Nàìjíríà á kọ ọkọ̀, ọkọ̀ kan náà sì ni àwọn méjèèjì fẹ́ wọ̀. Apèsè tó gbọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ɔ àti ọ ò jà.

Ibo ni ó yẹ kí a ti kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí? Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú ìdì kan lórí ogún kọ̀ǹpútà kíláàsì, ìgbà ogún ni a ó ṣe àtúnṣe kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà méjìlá á ti gbọ́n, mẹ́jọ á ṣì gọ̀, ọmọ méjì tó jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà á sì máa rí ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí apèsè bá wà lókè òkun, a kò ní lè ṣe é rárá. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni a ó máa kọ. Bí apèsè bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan nínú ilé-ìkàwé, ìgbà kan ṣoṣo ni a ó ṣe é, gbogbo kíláàsì á sì jẹ àǹfààní rẹ̀ kí agogo tó lù. Ìdí pàtàkì tí a fi ń tẹnu mọ́ ìyàsọ́tọ̀ nìyí. Ẹni tó ni apèsè ló ń sọ ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà àti ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Láti ìgbà tí Crowther ti gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, àwọn tó gbọ́ èdè náà ni wọ́n ń jiyàn lórí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, a kò sì rí ìdí tí a ó fi gbé e fún ilé-iṣẹ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tó lè pe ọ̀gá.

Àwọn kan yóò sọ pé apèsè ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, àti iná mànàmáná tó dúró, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Libreville. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà wá. Láti ọdún 2007 ni Kiwix ti ń gbé Wikipedia fún àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò kan wà nínú rẹ̀ fún kíkà, òmíràn tó ń jẹ́ kiwix-serve wà fún pípèsè, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù lè gbé. Wikipedia Yorùbá wọ inú rẹ̀ láìfún un mọ́ra. Kíláàsì tó ní èyí ní igun yàrá kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi tirẹ̀ nìkan ló nílò.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ń tẹ ìwé atúmọ̀-èdè. Wọ́n ní bí apèsè bá bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé, a ó jí iṣẹ́ wọn kó. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n: nínú ìdì àlẹ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà, ibo ni àká ọ̀rọ̀ wà? Orí kọ̀ǹpútà gbogbo oníbàárà ni, odidi rẹ̀, tí ẹni tó bá gbọ́n díẹ̀ lè dà á kọ lọ́sàn-án kan. Bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀, ilé-ìkàwé tó fọwọ́ síwèé nìkan ni àká náà yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ìyàsọ́tọ̀ ló ń dáàbò bò wọ́n. A gbà pé ó ní ìnira tirẹ̀: oníbàárà àtijọ́ lè má gbọ́ èdè apèsè tuntun. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ìlànà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀ ní gbangba, bí i RFC 2229, tí a ṣì lè kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tí a kò ní fi dúnàádúrà rárá ni ẹ̀tọ́ láti da apèsè kọ. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Omar Bongo àti Mathieu Kérékou, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n lé kúrò ní Gabon, àwọn Yorùbá sì wà láàárín wọn. Ohun tí ẹni tí a ń lé jáde lè gbé ni ó ń gbé. Apèsè tí ó ti wé mọ́ kọ̀ǹpútà kan tàbí ilé kan títí láé kò sàn púpọ̀ ju èyí tó wà lókè òkun lọ. Kí ó jẹ́ ohun tí a lè kó sínú fláàṣì, kí a sì tún tú u sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn ní Kútọnu tàbí ní Èkó.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni a ń gbèjà. Nígbà tí Àlùfáà André Raponda-Walker gbé ìwé atúmọ̀-èdè Mpongwè rẹ̀ jáde ní ọdún 1934, ẹni tó bá ra ìwé náà ra gbogbo rẹ̀: kò sí ìjọba tó lè gé e ní alẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Fang, Ipunu àti Nzebi ní Université Omar Bongo yẹ fún ohun tí kò kéré sí ìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà bá dé, kí olùkọ́ má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye owó. Kí ó béèrè ibi tí apèsè wà, orúkọ ìdì tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá a lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiwa. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn náà, kí a yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú ẹni náà, kí a fi kíbọọ̀dù Faransé tẹ ọ̀gá, kí a sì wò ó bóyá nǹkan kan yóò jáde, àti bóyá kì í ṣe ọjà ni.